Kéèjì Tí Kò Lábùkù

Àkùkọ pupa ló kọ́kọ́ kú. Ìyá Tíntín, aránṣọ, ló jáde sẹ́yìnkùlé láàárọ̀ kùtùkùtù láti bu omi, ló bá rí i tó dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kéèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ, kò lórí. Àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kéèjì bí wọ́n ṣe tì í lánàá. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn ọkọ rẹ̀ níbi tó máa ń wà. Wọ́n wá orí àkùkọ náà títí, wọn ò rí i, ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ ò sì kún ṣíbí kan.

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ọkọ rẹ̀ ní Wẹ́dà nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, débi pé bí ènìyàn bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀ lójú títì, ó lè má wẹ̀yìn. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó irin kéèjì náà pọ̀. Kó tó ṣe é, olè máa ń fo ògiri wọlé, wọ́n á kó adìẹ sínú àpò bí ẹni ń ká ata. Ọjọ́ tó gbé kéèjì kalẹ̀, irin gbọingbọin, ọ̀dà aláwọ̀ ewé, wáyà onígun mẹ́rin tó ṣẹ́kù níbi tó ti ń ṣe fèrèsé, àwọn ará àdúgbò wá wò ó bí ẹni wá wo ìyàwó tuntun. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, onígbàjámọ̀ ti gba tirẹ̀, oníbúrẹ́dì gba tirẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì náà gba tirẹ̀. Wẹ́dà wá ń rìn bí ẹni tó bí ìbejì. "Olè tó bá rí adìẹ mú nínú kéèjì mi," á ní, "kó wá gbé èmi náà mọ́ ọn."

"Olè kọ́ lèyí," ni Ìyá Tíntín wí, ó ká ọwọ́ lérí. "Olè wo ló ń gbé orí tó ń fi itan sílẹ̀? Bàbá Tíntín, ọ̀rọ̀ yìí ju olè lọ o."

"Má tíì bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán."

Màmá jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá Wẹ́dà ni. Ọjọ́ tí ìyá Wẹ́dà bí i ló kú, Màmá yìí ló sì gbé ọmọ náà pọ̀n títí ó fi dàgbà, òun alára ò bímọ kankan. Òun àti Tíntín, ọmọ ọdún méje, ló ń tọ́jú àwọn adìẹ. Tí Màmá bá ti wúkọ́ lásán, gbogbo wọn á sáré wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ihò wáyà, ọwọ́ náà wọlé dé ọrùn ọwọ́ láì há.

"Ọmọ mi, ihò wáyà yìí ti fẹ̀ jù. Ọ̀pá tí wọ́n ń sùn lé sì sún mọ́ wáyà. Gbé e sáàárín." Ó nàka sí adìẹ dúdú kan. "Tó bá jẹ́ bí wọ́n á ṣe máa sùn nìyí, dúdú yìí ló kàn. Òun ló máa ń fara ti wáyà."

Onígbàjámọ̀ ti yọ orí lókè ògiri, ojú tirẹ̀ kì í kúrò nínú ilé onílé. Ó rẹ́rìn-ín. "Wẹ́dà, tèmi náà ńkọ́? Ṣé wáyà tèmi náà fẹ̀?"

Ara Wẹ́dà gbóná. Tó bá jẹ́ pé Màmá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló sọ ọ́ ni, bóyá ì bá gbọ́. Ṣùgbọ́n lójú oníbàárà rẹ̀! "Màmá," ó ní, "èmi ò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dọ́gbọ́n mú ọmọ sùn. Ẹ má kọ́ mi níṣẹ́ irin."

Ọ̀pá wà níbi tó wà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bá adìẹ dúdú náà nínú kéèjì, kò lórí.

Ẹ̀yin náà mọ bí ẹnu àdúgbò ṣe ń ṣiṣẹ́. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ Màmá ti yí padà kó tó dé ilé oníbúrẹ́dì. Kì í ṣe pé ó ní adìẹ tó bá sùn sí ẹ̀bá wáyà lè kú mọ́. Ó ti di pé ó nàka sí adìẹ, adìẹ sì kú. Òwìwí kan sì ti ń wá bà sórí páànù ilé Wẹ́dà lálaalẹ́. Eku tó ń wá jẹ oúnjẹ adìẹ tó dà sílẹ̀ ló ń wá pa, ṣùgbọ́n ta ló ń ro ti eku?

Oyún méjì ti bàjẹ́ lára Ìyá Tíntín lẹ́yìn Tíntín. Nígbà tí adìẹ kẹta ti kú, tí òwìwí sì ké lálẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n tún bá adìẹ kẹrin tí kò lórí láàárọ̀, ó pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tì, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn.

"Màmá, kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí, ìyàwó mi."

"Ẹ jẹ orí adìẹ, mo gbà. Ọmọ méjì tó wà níkùn mi ńkọ́?"

Màmá yíjú sí i. "Ṣé èmi ni mo máa jẹ ọmọ tí màá gbé pọ̀n?"

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà!" Ìyá Tíntín pariwo rẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń dúró de búrẹ́dì gbọ́ ọ lójú títì.

Onígbàjámọ̀ ló dá a lóhùn láti ìta. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Wọ́n ní kí gbogbo àdúgbò pàdé nílé Wẹ́dà lọ́jọ́ kejì.

Ní ìdájí ọjọ́ ìpàdé yẹn, Wẹ́dà jáde lọ tọ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ó gbọ́ tí àwọn adìẹ ń ta pìpì, ló bá fara pa mọ́ ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ń yí kéèjì po, ó gbẹ, ìrù rẹ̀ gùn. Kò fọwọ́ kan irin, kò fọwọ́ kan àgádágodo. Ó kàn ń sáré yípo, ó ń fi èékánná gbo wáyà, jìnnìjìnnì sì bo àwọn adìẹ títí ọ̀kan fi ń wá ọ̀nà àbáyọ, ó ti orí bọ ihò wáyà síta. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi eyín gé e já. Ara bọ́ sínú, orí lọ síta, ẹranko náà fo ògiri, ó di àwátì. Kò ju kí ènìyàn bu ife omi kan lọ.

Ó yẹ kí Wẹ́dà pariwo. Ó ya ẹnu gan-an. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ojú onígbàjámọ̀, ojú oníbúrẹ́dì, ojú tíṣà, kéèjì mẹ́ta tó wà níta tí wáyà wọn rí bákan náà, àti bí wọ́n á ṣe máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé Wẹ́dà ṣe àwo, ó fi oúnjẹ sínú rẹ̀ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ìtìjú ló pa á lẹ́nu mọ́, kì í ṣe ẹ̀rù. Ó padà wọlé, ó fi aṣọ borí.

Nígbà tí àdúgbò péjọ, wọ́n rí adìẹ karùn-ún. Onígbàjámọ̀ ní, "Wẹ́dà, ìwọ lo nilé. Sọ tẹnu rẹ."

Màmá jókòó sórí àpótí lágbàlá. "Ọmọ mi," ó ní, "ṣé o rí nǹkan kan?"

Òun nìkan ló béèrè ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wọn béèrè.

"Mi ò rí nǹkan kan, Màmá." Ó yíjú sáwọn èèyàn. "Kéèjì mi ò lábùkù. Ohun tó bá ń wọ ibẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń fojú rí."

Ó parí. Wọ́n ní kí Màmá fi àdúgbò sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ lọ mú abẹ wá, ó ní inú irun ni ẹyẹ àjẹ́ máa ń sùn, kí wọ́n fá a kó tó lọ, kí ó má rí ibi fi í sí. Màmá fẹ́ dìde. Wọ́n ní kí Wẹ́dà di èjìká rẹ̀ mú, Wẹ́dà sì dì í mú. Èjìká tó fi pọ̀n ọ́n ni. Abẹ gé e lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké ń pàtẹ́wọ́, kò sì sunkún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Rọra, ọmọ mi, o ń fún mi le jù." Kí oòrùn tó mú, ó ti di ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kan ní ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì. Tíntín ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí wàhálà, nítorí adìẹ tó ṣẹ́kù nílé Wẹ́dà ò pọ̀ mọ́, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ti wá ibòmíràn lọ. Ibòmíràn yẹn ni ilé oníbúrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ó kan ilé tíṣà. Lọ́jọ́ kan, Tíntín bá ìyá rẹ̀ lọ gbé aṣọ fún onígbàjámọ̀, ó yà wo kéèjì rẹ̀, ó rí adìẹ funfun tó fara ti wáyà. Ohun tí Màmá kọ́ ọ ló sọ, tọkàntọkàn: "Bàbá, ẹ gbé funfun yìí kúrò níbẹ̀ o, á kú."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá funfun láìlórí.

Kí n tó sọ ọ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ìyá àgbà ti fún un ní àjẹ́ jẹ kó tó lọ. Wọ́n ní ọmọ tó ń sunkún àjẹ́, kí ni òun náà? Àwọn ọmọ iléèwé sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó ní ọ̀la ni òun máa mú abẹ bọ̀, orí kékeré ò ní pẹ́ fá.

Ìyá Tíntín ti ilẹ̀kùn, ó di ọmọ náà mú sáyà. Gbogbo ariwo rẹ̀ ti ìjọ́sí ti tán. "Bàbá Tíntín, ẹ ṣe nǹkan! Ọmọ yín ni!"

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni," Wẹ́dà wí. "Ihò wáyà ló fẹ̀. Wọ́n ń yọ orí síta, ó ń gé e. Mo fojú mi rí i."

"Ìgbà wo lẹ rí i?"

Wẹ́dà yíjú sí ilẹ̀kùn.

"Mo ní ìgbà wo?"

"Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fá orí Màmá."

Obìnrin náà tú ọmọ sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ méjèèjì ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ ọmọ.

Wẹ́dà jáde sí àárín títì, ó ń ké sí gbogbo wọn lójúlé lójúlé. Ó tẹ́nu mọ́ ọn. Ó ti orí adìẹ kan bọ ihò wáyà kí wọ́n rí i. Ó ní òun purọ́, kí wọ́n na òun. Wọ́n wò ó pẹ̀lú àánú.

"Baba ọmọ ni," ni oníbúrẹ́dì wí. "Ta ni ò ní sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ lo sọ pé kéèjì rẹ ò lábùkù," ni tíṣà wí, "a sì gbà ọ́ gbọ́. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?"

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Tíntín ti gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì lọ, ó fa ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà Màmá ló ti dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, pé ìkúnlẹ̀ ò tó.

Wẹ́dà rò pé bí ikú adìẹ bá dáwọ́ dúró, ariwo á rọlẹ̀. Ó ra nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ ò gba ìka, ó lọ láti ilé dé ilé, ó fi bo gbogbo kéèjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́fẹ̀ẹ́, ó gbé gbogbo ọ̀pá sáàárín. Lóòótọ́, adìẹ kan ò kú mọ́. Oṣù kan pé, orí gbogbo wọn wà lọ́rùn.

Onígbàjámọ̀ gbá a lẹ́jìká. "Wò ó, Wẹ́dà, mi ò fẹ́ dá ọ lọ́gbẹ́, àmọ́ ṣé o rí i báyìí? Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti lọ, adìẹ kan ò kú. Iṣẹ́ rẹ dára. Ilé rẹ ni ò dára."

Wẹ́dà lọ sọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Màmá ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, irun funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù láàárín àpá. Ó bu omi fún un mu. "Mi ò bínú sí ọ, ọmọ lo jẹ́ sí mi," ó ní. "Àmọ́ ọmọdébìnrin yìí ò ní padà sí àdúgbò tí wọ́n ti ń pè é ní àjẹ́. Jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé kì í ṣe òun. Lẹ́yìn náà, wá mú wọn." Tíntín wà nínú ilé. Ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, kò jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí adìẹ ṣe ń wọ̀, Wẹ́dà fi ẹ̀mú ya nẹ́ẹ̀tì kúrò lára kéèjì tirẹ̀. Ó sún ọ̀pá padà títí ó fi kan wáyà. Ó bẹ onígbàjámọ̀ àti oníbúrẹ́dì kí wọ́n wá bá òun ṣọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n wá, wọ́n sùn lọ, wọ́n padà sílé wọn, wọ́n ní Ọlọ́run á tù ú nínú. Lálẹ́ kejì òun nìkan ló kù. Lálẹ́ kẹwàá bákan náà.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti rí i pé kò sí nǹkan kan mọ́ ní àdúgbò yẹn, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Wẹ́dà ṣì ń jókòó sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi títí di ìdájí, ẹni tó fi nẹ́ẹ̀tì dá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dúró, ó wá ń bẹ̀ ẹ́ ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kó wá, jọ̀ọ́, kó wá jẹ ọ̀kan péré. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, á dìde, á ka àwọn adìẹ. Gbogbo wọn á pé, tòun torí wọn.