Ìwé Mátírọ̀n

Ìdí àtẹ ìwé kan ní Yábàá ni Ayọ̀kànmí ti kọ́kọ́ rí Rilwan. Ọmọkùnrin dúdú, gíga, nínú aṣọ funfun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n lọ̀ títí tó dúró gbagidi. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín náà sì bí Ayọ̀kànmí nínú.

Ọdún kejì ni Rilwan wà nílé ìwé tí Ayọ̀kànmí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ó béèrè ìdí tí Ayọ̀kànmí kò fi ra ìwé ìtọ́jú pàjáwìrì. Ayọ̀kànmí ní ìyá òun, mátírọ̀n tó ti fẹ̀yìn tì, ti kó gbogbo ìwé rẹ̀ fún òun.

"Ìwé wọn ti gbó," ni Rilwan wí. "Ra tuntun, arẹwà."

"Bàbá ẹ ló gbó," ni Ayọ̀kànmí dáhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìdánwò dé, wọ́n tẹ́ bèbí rọ́bà sílẹ̀ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró. Ayọ̀kànmí ṣe bí ìwé màmá rẹ̀ ṣe wí, ó kọ́kọ́ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Olùkọ́ ní kó dìde, àyà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ̀ báyìí. Bó bá tún kùnà, wọ́n á dá a padà sílé.

Ó bínú sí olùkọ́, ó bínú sí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Rilwan ló bínú sí jù, torí pé òun ló sọ òótọ́. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló lọ yá ìwé tuntun. Rilwan ń kọ́ ọ lójoojúmọ́, wọ́n sì jọ ń jà. Tí kò bá tètè dé, Ayọ̀kànmí á máa wá a kiri. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́.

Ó yege nígbà tó tún ìdánwò náà ṣe. Àmọ́ nígbà tí Mátírọ̀n, ìyá rẹ̀, rí ìwé tuntun nílé wọn ní Surulere, Ayọ̀kànmí jẹ́wọ́ pé Rilwan ló yá òun, òun náà ló sì ní ìwé ìyá òun ti gbó. Ó ní kí wọ́n lọ pe ọmọkùnrin náà wá. Rilwan dọ̀bálẹ̀. Mátírọ̀n ní kò gbọdọ̀ fojú kan ọmọ òun mọ́, pé ẹni tó bá ní ìwé òun ti gbó ti sọ pé òun fi gbogbo ayé òun pa aláìsàn.

Rilwan gbé pílò kan lórí àga sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí àyà aláìsàn. Mátírọ̀n wò ó títí, ara ò gbà á mọ́.

"Na apá ẹ. Ṣé búrẹ́dì lò ń pò ni?"

Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ pílò náà bó ṣe yẹ.

"Ọwọ́ yín ò gbó, mà," ni Rilwan wí jẹ́jẹ́.

Omi lé ròrò lójú Mátírọ̀n. Nígbà tó ṣe, ó ní kí Ayọ̀kànmí bu oúnjẹ fún àlejò.

Lẹ́nu géètì, Rilwan béèrè lọ́wọ́ Ayọ̀kànmí bóyá yóò fẹ́ òun tí àwọn méjèèjì bá jáde ilé ìwé.

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ," ni Ayọ̀kànmí wí. "Ó sì máa pẹ́ kó tó tán. Torí náà màá fẹ́ ẹ, kí n lè fara balẹ̀ bínú."