Bọ́ọ̀sì Ló Lọ̀nà

"Ọmọ mi, jẹ́ n kọjá ná, lọ́ọ̀rì mi ò ru nǹkan kan!"

Tinúkẹ́ mi orí, ó sì na àsíá pupa rẹ̀ sókè. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ ò gbọ́ fèrè bọ́ọ̀sì ni?"

Búrẹ́mọ̀ tó ni lọ́ọ̀rì pòṣé, ó pa ẹ́ńjìnnì.

Ìsinmi ọdún 1973 ló gbé Tinúkẹ́ dé ìdí afárá tí wọ́n ń tún ṣe láàárín Ìgbó-Ọrà àti Èrúwà. Wọ́n ti tú ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ palẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì lè gbà á lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Àkànó, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ń dá ọkọ̀ dúró ní apá Ìgbó-Ọrà, Tinúkẹ́ tó gbà síṣẹ́ fún ìsinmi náà wà ní apá Èrúwà. Òfin Bàbá Àkànó kò lọ́jú pọ̀: bí bọ́ọ̀sì bá ti fọn fèrè láti orí òkè, kí gbogbo ọkọ̀ yòókù dúró títí yóò fi kọjá. "Èèyàn tó wà nínú ẹ̀ ló pọ̀ jù," ni bàbá náà máa ń wí.

Lọ́jọ́ yìí, Wúràọlá, ẹ̀gbọ́n Tinúkẹ́, wà nínú bọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú àwọn tíṣà kéékèèké bíi tirẹ̀ láti Ìdèrè. Èrúwà ni wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdánwò Gíréèdì Túù. Wúràọlá ti fìdí rẹmi lọ́dún tó kọjá; bí kò bá tún yege lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ tíṣà bọ́ nìyẹn. Wọn kì í sì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá pẹ́.

Kò pẹ́ tí mọ́tò fólíkísì kan fi sáré dé ẹ̀gbẹ́ lọ́ọ̀rì. Fọlábí ló ń wà á, Rosaline àbúrò rẹ̀ jókòó tì í. Kíláàsì kan náà ni Rosaline àti Tinúkẹ́ wà.

"Háà, Tinúkẹ́, o ti di ọlọ́pàá!" Rosaline bú sẹ́rìn-ín. "Jọ̀ọ́, jẹ́ ká kọjá. Bọ́ọ̀sì ṣì wà lókè réré."

"Mi ò gbọdọ̀ ṣe é."

"Fún èmi ọ̀rẹ́ ẹ? Ó dáa. Gbogbo kíláàsì ló máa gbọ́ pé ipò ti ń gùn ọ́."

Ojú ti Tinúkẹ́. Ó wo orí òkè, kò tíì rí bọ́ọ̀sì. Kí ni mọ́tò kékeré kan fẹ́ bàjẹ́? Ló bá rẹ àsíá sílẹ̀.

Fọlábí kò tíì kọjá àárín afárá tí bọ́ọ̀sì fi yọ níwájú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó yà bàrá, táyà iwájú kan sì jìn sáàárín pákó. Bọ́ọ̀sì dúró gbọ̀ngbọ̀n. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé mọ́tò náà títí, kò mì.

 Ẹkún ni Tinúkẹ́ ń sun, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ó rí lọ́ọ̀rì Búrẹ́mọ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi yí lọ́ọ̀rì padà, kẹ́ ẹ gbé àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì lọ sí Èrúwà. Ìdánwò ni wọ́n ń lọ ṣe, ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi kọjá."

"Ẹn-ẹ́n! Òfin wà fún Búrẹ́mọ̀, kò sí fún oní-fólíkísì!" Ọkùnrin náà wò ó títí, ó mí kanlẹ̀. "Dìde jàre. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Pè wọ́n kíá!"

Tinúkẹ́ sáré gba ẹ̀gbẹ́ fólíkísì kọjá, ó ń pariwo. Àwọn tíṣà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ sáré gba orí afárá, Wúràọlá mú bàtà lọ́wọ́. Wọ́n rọ́ sẹ́yìn lọ́ọ̀rì, Búrẹ́mọ̀ sì bá eré lọ.

"Ta ló ní kí mọ́tò yìí wọlé?" Bàbá Àkànó bèèrè. Rosaline ń wo ilẹ̀.

"Èmi ni, sà," ni Tinúkẹ́ wí.

Bàbá gba àsíá lọ́wọ́ rẹ̀. "Omi ni wàá máa pọn fún àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì títí ìsinmi yóò fi parí."

Tinúkẹ́ gbé garawa. Ó pọn omi títí di ìrọ̀lẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ rárá àfìgbà tí Wúràọlá sọ̀ kalẹ̀ nídìí afárá, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ti fẹ́ máa tilẹ̀kùn nígbà tá a dé! Mo dáhùn gbogbo ẹ̀, Tinúkẹ́!"

Tinúkẹ́ ju garawa sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó mí bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Wọ́n ní ìwọ lo dá wa dúró, ìwọ náà lo wá lọ́ọ̀rì fún wa," ni Wúràọlá wí. "Ṣé kí n bá ọ wí ni, àbí kí n dúpẹ́?"

"Ẹ bá mi wí, àǹtí mi. Ọ̀nà tí wọ́n fi sí mi níkàáwọ́, tèmi kọ́ tí mo lè fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ."