Ohùn Obìnrin Tó Wà Lójú Kejì Àwo

Lọ́jọ́ tí Bàsítì kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Màrdíyà ní àdúgbò Gadumo, kò tilẹ̀ wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó gbé páálí ọṣẹ kan sórí tábìlì, ó ní ìwé ni òun ń kọ, òun sì ń wá ẹni tí yóò bá òun tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bébà ló kún inú páálí náà, gbogbo rẹ̀ ló fọwọ́ kọ, òmíràn sì wà lẹ́yìn ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé, torí olùkọ́ ìtàn ni.

Màrdíyà bi í pé ìwé kí ni. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Ojú náà dára, ká má parọ́.

"Ìwé nípa àwo orin kan ni," ó ní. "Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi Àdàpọ̀ ni wọ́n pè é. Ìlú yìí ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1984, kò sì sí ẹni tó gbọ́njú nígbà náà tí kò mọ̀ ọ́n."

Màrdíyà kò mọ̀ ọ́n. Wọn kì í gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ nílé wọn. Ará Ìlọrin tí ń ta ẹní àti tẹ̀súbáà ní Old Market ni wọ́n, láti ayé bàbá bàbá rẹ̀. Alhájì Lìádì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló di olórí ilé lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, a sì máa pa rédíò tí gìtá bá ti dún nínú rẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí àdúgbò Kpata ni Bàsítì náà, ṣùgbọ́n àwo yẹn ti gbà á lọ́kàn láti kékeré. Ó fa fóònù yọ, ó ní kó gbọ́ ọ wò.

Ohùn ọkùnrin ló kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó yá, obìnrin kan gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ Màrdíyà sì dúró. Ó mọ ohùn yẹn. Òun ló máa ń kọ wákà nídìí ẹní ní Old Market nígbà tí ọjà bá dá, òun ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá rẹ̀ ni.

Ó bi Bàsítì pé ta ni obìnrin náà.

"Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn," ó dáhùn. "Sarah ni wọ́n kọ sẹ́yìn àwo, kò sí orúkọ bàbá. Peter tó ni ẹgbẹ́ náà ti kú, àwọn yòókù sì ní ọmọbìnrin kan tó kàn ń wá tó ń lọ ni. Tí mo bá ti rí i báyìí, ìwé mi parí."

Màrdíyà ní kó fi páálí náà sílẹ̀.

Nígbà tó délé, ó bi ìyá rẹ̀. Kàrímọ́tù ìyá rẹ̀ ní òun ni lóòótọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni òun nígbà náà. Bàbá òun, ará Ìlọrin tó ń ta ẹní ní Old Market bákan náà, ló ní kí òun gbé ẹní lọ fún àwọn olórin kan ní Kpata, tí wọ́n fẹ́ fi bo ògiri ilé tí wọ́n ti ń gbohùn sílẹ̀ kí ariwo ìta má baà wọlé. Òun ń bá wọn so ẹní kọ́, òun sì ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ni Peter bá bẹ òun pé kí òun tún un kọ. Ìgbà mẹ́rin ni òun padà lọ. Orúkọ ọ̀rẹ́ òun kan, ará Kàbà, ni òun ní kí wọ́n kọ sẹ́yìn àwo, kí wọ́n má baà mọ̀ nílé.

"Má sọ fún Alhájì o," ó ní, ó sì dìde lọ ṣàlùwàlá.

Odindi ọdún méjì ni Màrdíyà fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì.

Ìfẹ́ wọn kò sì dúró dè é. Kó tó tẹ orí kẹta tán, Bàsítì ti ń pè é ní Màrdí mi. Lọ́sàn-án Sátidé, tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, wọn yóò jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Old Market lọ kí ìyá, ìyá yóò bu kúnú tútù fún ọmọkùnrin náà, yóò jókòó tì í, yóò máa wò ó. Bàsítì yóò mu ún tán, yóò dúpẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Sarah fún Màrdíyà.

Ọ̀rọ̀ Sarah yìí ló fẹ́ẹ̀ ya Màrdíyà ní wèrè. Ìgbàkígbà tó bá dọ́gbọ́n bi í nípa ìgbéyàwó, ìdáhùn kan náà ni: "Olólùfẹ́ mi, tí ìwé bá ti parí, n óò rán àwọn ènìyàn mi wá." Ìwé ọ̀hún kò sì parí. Ìgbà mẹ́fà ni Màrdíyà tún orí keje tẹ̀. Ó ti mọ ẹni tó já okùn gìtá, ó ti mọ ibi tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí, ó mọ̀ pé ẹní mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kọ́ sí ara ògiri. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ pé lọ́dọ̀ bàbá Ìlọrin kan ní Old Market ni wọ́n ti ra ẹní náà. Ó yíjú wo Bàsítì lọ́jọ́ yẹn. Bàsítì ń wo máàpù ilẹ̀ Yàgbà, ibi tó fẹ́ lọ wá Sarah.

Nítorí pé orúkọ ọmọ ìjọ ni Sarah, ìjọ ló ń wá a lọ. Ó lọ sí Kàbà, ó lọ sí Mọ̀pà, ó lọ sí Ìsánlú, ó lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, ó ń jókòó sẹ́yìn àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ìyá àgbà. Sarah mẹ́tàlá ló rí. Ọ̀kan fún un níṣu. Nígbà tó yá, ó ń kí ènìyàn ní "okun o" bí ọmọ Yàgbà, ó sì ń kọ orin ìsìn láìmọ̀. Àdìjátù, ìyá Bàsítì, sunkún wá bá Màrdíyà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó sọ òótọ́ fún òun, ṣé ọmọ òun ti yí ẹ̀sìn padà ni. Màrdíyà ní rárá, ìwé ni. Inú bí Màrdíyà débi pé kò lè jẹun lálẹ́.

Nílé, Alhájì Lìádì ń bi í pé kí ni tíṣà yẹn ń fẹ́ gan-an. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sì ni Màrdíyà.

Ọjọ́ tí Bàsítì wọlé wá, tó ní wọ́n ti júwe Sarah kan fún òun ní Bùnú, ìkẹrìnlá, ni sùúrù Màrdíyà tán.

"Má lọ sí Bùnú," ó ní. "Ìyá mi ni."

"Ìyá rẹ ni kí ni?"

"Ìyá mi ló kọrin náà. Kàrímọ́tù. Òun ló ru ẹní lọ síbẹ̀."

Bàsítì jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ kó tó dìbínú. Ó ní ọdún méjì ni òun fi ń mu kúnú lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́tàlélógún ni òun jókòó sí, Màrdíyà sì ń wo òun níran. Màrdíyà náà kò gbà, ó ní yàtọ̀ sí kí òun tẹ̀wé, kí ló ti bi òun rí? Tó bá jẹ́ pé òun ló ń wá bó ṣe ń wá Sarah, ṣé kì bá ti fẹ́ òun láti ọjọ́ yìí? Wọ́n bínú kúrò lọ́dọ̀ ara wọn.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàsítì padà wá. Màrdíyà ṣàlàyé pé Alhájì Lìádì ni yóò fa òun fọ́kọ. Tó bá fi gbọ́ pé ìyàwó àbúrò òun kọrin pẹ̀lú àwọn ọkùnrin rí, kò sí ìgbéyàwó kankan, ìyá rẹ̀ yóò sì gba ìtìjú.

Bàsítì fa àga sún mọ́ ọn. "Ìwọ ni mo mú," ó ní. "Mo fẹ́ràn rẹ ju ìwé lọ. Tẹ̀ ẹ́ báyìí: a wá Sarah títí, a kò rí i."

Màrdíyà tẹ̀ ẹ́, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìlọrin. Àwọn ènìyàn Bàsítì wá tọrọ rẹ̀, Alhájì Lìádì gbà wọ́n tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n dá ọjọ́.

Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ìwé dé. Kéwú nìkan ni wọ́n kọ́ Kàrímọ́tù, nítorí náà ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí Màrdíyà kà á fún òun. Ó gbọ́ ti jẹnẹrétọ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ti ẹní, ó ní wọ́n pa irọ́ díẹ̀, mẹ́rìndínlógún péré ni. Nígbà tí wọ́n dé orí kejìlá, Màrdíyà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó kà á pé a kò rí i.

Ìyá rẹ̀ ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

"Ta ló wá mi tí kò rí mi?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ."

"Alhájì ni mo ní kí o má sọ fún. Ṣé Alhájì ló ń kọ̀wé ni?" Ó fa ìwé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọdún méjì, Màrdíyà. Mo rò pé o ti sọ fún un, pé ojú mi ló ń tì í. Gbogbo Sátidé ni mò ń wọ aṣọ tó dáa jókòó síbẹ̀, mò ń retí pé kó bi mí. Kò sí ẹni tó bi mí."

Màrdíyà mú fóònù. Ó pe Bàsítì.

Ìyẹn dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde títí Kàrímọ́tù fi ní kó mú bírò. Wọn ò tíì lọ jìnnà nínú ọ̀rọ̀ tí Alhájì Lìádì fi yọjú sí ṣọ́ọ̀bù nítorí ètò ìgbéyàwó. Ó gbọ́, ó sì ní kí wọ́n tún un sọ kó dá òun lójú. Kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní tí orúkọ ìyàwó àbúrò òun bá jáde nínú ìwé olórin, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò fa ọmọ wọn fọ́kọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kàrímọ́tù kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìgbéyàwó tìrẹ ni. Tó o bá ní kí n dákẹ́, n óò dákẹ́. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó dun Màrdíyà dé egungun. Ó wo ọkùnrin tó ti dúró dè láti ọjọ́ yìí, ó mọ̀ pé ìdúró mìíràn ló tún kàn. Bàsítì ń wò ó, kò rọ̀ ọ́ síbì kankan.

"Kọ ọ́," Màrdíyà ní. "N óò tún un tẹ̀."

Oṣù mẹ́wàá ni ìbínú Alhájì gbà. Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Bàsítì ń lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn ìrun, wọ́n ń gbé omi fún un, wọn kì í pè é wọlé. Níkẹyìn, Alhájì rán Alfa Ìbráhìm láti dúró fún òun níbi yìgì. Òun fúnra rẹ̀ kò wá, àyè rẹ̀ sì ṣófo lójú gbogbo ẹbí. Màrdíyà sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ti jọ ń gbé ní Gadumo ni ìwé tuntun dé. Bàsítì ló gbé ẹ̀dà kan lé ìyá lọ́wọ́ nígbà tó wá kí wọn. Màrdíyà fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ Kàrímọ́tù sí fún un. Ìyá gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó ń fi àtàńpàkò tẹ orúkọ náà díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀," ó bi wọ́n, "pé mo kọ orin náà dáadáa?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá," Màrdíyà ní. "Odindi ojú-ìwé mẹ́ta."

"Kà á," ó ní, ó sì tún ìborùn rẹ̀ ṣe.