Irin Tí Ọláyínká Kò Jó Dé Ìwọ̀n

Kò sí wẹ́dà, ajórin, tí ó lẹ́nu tó Ọláyínká ní Bẹyẹrúnkà n'Íbàdàn. Bí Samuel, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá pè é wá síbi ìsìn, yóò ní, "Ṣé Jésù ló ń bá mi jó irin ni?"

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ẹnu rẹ̀. Ó ṣe àjà irin fún Alhaja Ràbíátù ní Àrẹ̀mọ. Ìwé iṣẹ́ sọ pé ibi tí irin àjà kọ̀ọ̀kan bá ti jókòó lórí bíìmù, irin ńlá tó gbé àjà dúró, kí ó jó o ní ínṣì méjì lọ́tùn-ún, ínṣì méjì lósì. Ọláyínká kàn fi iná tọ́ ọ, kò ju ìwọ̀n èékánná lọ. Ó fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò dí ìyókù, ó sì kun ọ̀dà lé e.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Lọ́jọ́ tí òun àti Samuel lọ fi ìkọ́ fáànù sábẹ́ àjà náà, bí Ọláyínká ti ń lu ìkọ́, orí kan lára irin àjà kan yọ. Ó gbé Ọláyínká ṣubú, ó sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí kejì ṣì há sókè.

Alhaja figbe ta sí àwọn ọmọ ilé rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gòkè! Ẹ fokùn fa irin náà sókè!"

Ọláyínká gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn. Bí ó bá dákẹ́, gbogbo àjà yóò wó, yóò pa wọ́n, yóò pa òun náà. Bí ó bá sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́.

"Ẹ má gòkè o! Gbogbo ẹ̀ ni mo fi pọ́tì bò! Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, mo rẹ́ yín jẹ ni."

Àwọn ọmọ náà dúró lórí àtẹ̀gùn. Samuel mú jáàkì tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò, ó rá wọ abẹ́ irin náà.

"Samuel, jáde! Á pa ẹ́!"

"Mo mọ̀. Jésù ti wọ abẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ tipẹ́, ó sì kú síbẹ̀. Yínká, jẹ́wọ́ ìyókù fún un."

Kí jáàkì tó gbé irin kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Ọláyínká ti ń ké pe Jésù pẹ̀lú omijé. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, ó tún gbogbo irin náà jó lọ́fẹ̀ẹ́, Alhaja sì dúró tì í pẹ̀lú tépù ìwọ̀n.

Ìwọ tí ò ń kàwé yìí, kí ni o mọ̀ nípa ara rẹ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀? Jésù mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ó ń wá ọ. Ronú pìwà dà lónìí, níbi tí o wà yìí, kí o tó ká ìwé yìí sápò.