Ọ̀bẹ Tó Wà Nínú Bọ́hòlù Wa

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó wọ kẹ̀kẹ́ wá sí agbo ilé wa ní Ìwó, kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́hòlù, kí ó sì dákẹ́. Yóò gbọ́ ọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, ó ń yí nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Èmi ni Hikmat, àkọ́bí Àbẹ̀ní, ìyá wa. Tíṣà ni mí, n kò sì fẹ́ràn ìsọkúsọ. Ọmọ tó bá ń sọ ìtàn iwin ní kíláàsì mi, ìta ni yóò ti parí rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni pọ́ńpù há nínú bọ́hòlù wa. Ọkùnrin mẹ́fà fa páìpù irin tó so mọ́ ọn, kò mira. Èèyàn tó lé ní ogójì ló ń pọn omi níbẹ̀. Mo bá ránṣẹ́ sí àbúrò mi, Shamsudeen, tó ti fi ọdún méjìlá ṣiṣẹ́ nídìí kànga epo rọ̀bì ní apá Wàrí. Bí páìpù bá há nínú kànga epo, Shamsu ló máa ń sọ ẹ̀rọ sísàlẹ̀ láti gé e lókè ibi tó há, kí wọ́n lè rí ìyókù fà jáde. Ó gbé ọ̀kan tó kéré bọ̀ wálé.

Irin gbọọrọ ni, kò sanra ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Inú páìpù ló ń gbà wọlẹ̀. Ọ̀bẹ kéékèèké mẹ́ta sá pamọ́ sí i nínú.

"Àǹtí, èmi kọ́ ló ń gé e o," Shamsu ṣàlàyé fún mi. "Òun fúnra rẹ̀ ni. Bí páìpù bá le, á dẹwọ́. Bó bá rọ̀, á tẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá kàn án lára ló ń sọ bí yóò ṣe ṣe fún un."

"Ìgbà wo ni yóò wá dúró?"

"Tó bá gé e tán. Á pa ara rẹ̀."

Ṣùgbọ́n kí ó tó wọlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sinmi lórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ó fi mọ bí ara òun ṣe rí nígbà tí nǹkan kan kò kàn án. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ bà á. Shamsu tan jẹnẹrétọ̀, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni Ìyá jáde.

Ní agbo ilé tiwa, irinṣẹ́ tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí àgbà má gbé ọwọ́ lé e ṣe àdúrà. Ọ̀kadà, maṣíìnì ìránṣọ, títí kan fóònù mi. Àdúrà Ìyá kì í sì í kúrú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú, ó ní Bìsìmílàhì. Ó dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dárúkọ àwọn ọmọ wa, ó fẹ́ èémí rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Shamsu wò mí, èmi náà wò ó. Ta ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó gbọ́wọ́ kúrò nídìí àdúrà? A ṣe àmín. Kọ̀ǹpútà dún pé òun ti ṣe tán. Ó yẹ kí Shamsu tún un ṣe, kò tún un ṣe.

Ọ̀sán gangan ni ẹ̀rọ náà wọlẹ̀. Oòrùn mú débi pé àwọn ewúrẹ́ ti sá sábẹ́ òjìji ògiri. Ìyá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń kọ orin wákà. Ohùn Ìyá dùn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Ìlà kan wà lójú kọ̀ǹpútà. Shamsu ní ó yẹ kí ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò tẹ́. Ó ń ga, ó ń lọ sílẹ̀. Ó ga, ó lọ sílẹ̀. Jẹ́jẹ́.

"Kí nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Ó ń gé e, Àǹtí. Ó ti gé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń mí sí i lára."

Mo ní kó yé sọ̀rọ̀ bí wèrè. Ìyá wúkọ́. Ìlà náà fò sókè. Ó tún wúkọ́, ìlà náà tún fò. Ó padà sídìí orin rẹ̀. Bí ó bá fa ohùn gùn, ìlà á gùn, bí ó bá dánu dúró láti mí, ìlà á já wálẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Shamsu nawọ́, ó pa jẹnẹrétọ̀.

Orin náà já.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo gbọ́ tí ẹ̀wà ń dà sórí sìmẹ́ǹtì. Ìyá ti fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo gbé etí lé àyà rẹ̀. Kò mí.

"Tan án!" mo kígbe. "Shamsu, tan án!"

Jẹnẹrétọ̀ bú. Ìyá fa èémí wọlé. Ó wo ilẹ̀.

"Ta ló da ẹ̀wà mi nù?"

Lọ́jọ́ yẹn náà ni Shamsu gbìyànjú láti ká àwọn ọ̀bẹ náà wọlé, kí á lè fa ẹ̀rọ jáde. Bí ó ti tẹ̀ ẹ́, Ìyá fọwọ́ di ọ̀fun rẹ̀ mú. Shamsu yára fi í sílẹ̀. Dókítà wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àyà rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Áfáà wa wá. Ó wo ìlà náà, ó wo Ìyá, ó bọ́ síta láìdágbére. A gbé Ìyá sínú mọ́tò, a fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà, bóyá bó bá jìnnà sí i, á bọ́. A kò tíì kúrò nílùú tí ètè rẹ̀ fi dúdú. A yí padà.

Oṣù mẹ́rin rèé. Jẹnẹrétọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ báyìí. Bí ọ̀kan bá ń sinmi, èkejì á máa ṣiṣẹ́. Ilé Oyèdàmọ́lá, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, la ti ń pọn omi. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Mo gbìyànjú ẹ̀rín náà, kò jáde. Apá mi kò ká a, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ohun tó burú jù ni èyí tí Shamsu ṣàkíyèsí. Bí Ìyá bá dákẹ́, ọ̀bẹ náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gé nǹkan kan. Bí ó bá kọrin, bí ó bá rẹ́rìn-ín, bí ó bá jágbe mọ́ ọmọ, ẹ̀rọ á kà á sí pé páìpù ti rọ̀, á tẹ̀ ẹ́. Orin kan, ìdá kan. Bí ó bá sì gé e tán, á pa ara rẹ̀. A kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún un, nítorí bí ẹ̀rù bá bà á, mímí rẹ̀ á le, ọ̀bẹ á sì gé sí i.

Nítorí náà la ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́. Mo dá Raheemah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọrin, padà lẹ́nu ọ̀nà. Mo parọ́ pé Ìyá ń sùn. Mo kó àwọn ọmọ-ọmọ kúrò nílé. "Ìyá, ẹ rọra." "Ìyá, ẹ dákẹ́." Èmi tí mo bá a kọrin láti kékeré, èmi ni mò ń pàṣẹ ìdákẹ́ fún un. Ojú ń tì mí.

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà dúró sórí méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. A ti ń dúpẹ́. Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo jókòó tì í nínú yàrá. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó fọwọ́ kàn mí.

"Hikmat."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má sọ̀rọ̀."

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ṣé ohùn mi lẹ kórìíra báyìí ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó bú sẹ́kún, ó ń ké bí ọmọdé. Ọwọ́ mi gbéra láti bo ẹnu rẹ̀. Ẹnu ìyá mi! Mo gbé e sílẹ̀. Mo ń bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.

Shamsu yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Kò lè sọ iye tó kù níwájú rẹ̀. Ó na ìka kan ṣoṣo sí mi.

Ìyá rí i. Ó nu ojú rẹ̀, ó gbóhùn sókè.

"Ẹyọ kan kí ni, Shamsu?"