Ìpè Láti Ọ́fíìsì Owó Orí

“Onígíláàsì, ìwọ ni kó o bá mi ṣe é,” ni ìyá Dúdú wí, ó sì gbé fóònù rẹ̀ lé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

Inú bí Dúdú. Ilé ìfọṣọ tí ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, ọmọ tó wá gbé lọ́dọ̀ wọn ni yóò wá bá wọn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún owó orí òṣìṣẹ́?

Onígíláàsì jókòó ti tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, ó ń tẹ fóònù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá Dúdú ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Orí ọmọ yìí pé o.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Dúdú lọ́kàn. Kò rántí ìgbà tí ìyá rẹ̀ sọ irú ẹ̀ fún òun rí.

Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan ló wà níwájú ilé ìfọṣọ nígbà tí fóònù tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ dún.

“Ọ́fíìsì owó orí la ti ń pè. Ṣé lóòótọ́ lẹ ní òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń san owó oṣù fún?”

Dúdú wo ẹ̀yìn. Àǹtí Áyọ́ọ̀nù, obìnrin tó ń bá wọn lọ aṣọ, ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ojú Onígíláàsì ni Dúdú ń rò, bó ṣe máa rí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́.

“Rárá, mà. Àṣìṣe ni. A ò ní òṣìṣẹ́.”

“Ó dáa. A óò fagi lé e.”

Kò pẹ́ rárá tí Àǹtí Áyọ́ọ̀nù fi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Onílé tí mo fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí n mú ẹ̀rí owó orí wá. Mo dé ọ́fíìsì owó orí, wọ́n ní ilé ìfọṣọ yìí ò ní òṣìṣẹ́ kankan. Onílé ti gbé yàrá náà fún ẹlòmíì.”

Ìyá Dúdú kọjú sí Onígíláàsì. “Kí lo kọ síbẹ̀?”

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún. Ohun tí Dúdú ń fẹ́ gan-an nìyí, àmọ́ kò dùn mọ́ ọn.

“Ẹ má bá a wí, mà,” ni Dúdú sọ. “Èmi ni mo purọ́ fún wọn nígbà tí wọ́n pè.”

Ìyá rẹ̀ nawọ́ sí Àǹtí Áyọ́ọ̀nù. “Kí ni àǹtí yìí fi ṣe ẹ́?”

“Kò fi nǹkan kan ṣe mí, mà.”

Wọ́n jọ lọ sí ọ́fíìsì owó orí náà ni. Dúdú fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, Onígíláàsì sì tún ìforúkọsílẹ̀ náà ṣe. Ṣùgbọ́n yàrá ti bọ́. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Àǹtí Áyọ́ọ̀nù àti ọmọ rẹ̀ ṣì ń sùn.

Dúdú wá mọ̀ pé bí èèyàn bá jẹ́ kí ìlara gba ẹnu òun sọ̀rọ̀, kò ní lè yan ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa pa lára.