Iye Owó Kẹ̀kẹ́ Tí Gbádé Sọ Nílé

Gbádé kì í mutí, kì í sì í jalè. Nítorí náà, ó gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ láàárín òun àti Ọlọ́run. Páàtì ọkọ̀ ló ń tà ní Ládípọ̀, ní Múṣín, owó sì ń wọlé. Oko kajú tí ìyá rẹ̀ tà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi gba ṣọ́ọ̀bù náà fún un, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti mẹ́nu ba ìyẹn gbẹ̀yìn.

Ẹni tó ń dùn ún lọ́kàn ni Julius, oníṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Àwọn méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ eré ìje káàkiri Sùúrùlérè láàárọ̀ Sátidé. Julius ra tirẹ̀ ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà, ọkàn Gbádé ò sì balẹ̀ mọ́.

Ó lọ bá Theophilus, ọ̀dọ́mọkùnrin onígbàgbọ́ kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ojúẹlẹ́gbà, ó bi í ní iye tó yẹ kéèyàn ná.

“Ẹ̀gbọ́n, Sátidé nìkan lẹ ń gùn ún,” ni Theophilus wí. “Tòkunbọ̀ gidi ò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún lọ. Kí lẹ fẹ́ fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹsẹ̀ yín náà lẹ máa fi wà á.”

“Julius náà lẹ́sẹ̀.”

Theophilus wò ó. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ta gan-an lẹ ń bá sáré? Ẹ jẹ́ kí Jésù gba ẹrù yìí lọ́wọ́ yín.”

Gbádé rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ lòun bá wá, òun ò bá ti ìwàásù wá.

Mílíọ̀nù méjì ló rà á. Nígbà tó gbé e délé tí Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀ bi í ní iye, ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Ọ̀pọ̀ ọkọ l'Ékòó mọ irọ́ yìí: wọ́n á bu owó ohun tí wọ́n rà kù kí ilé lè tòrò. Gbádé ò rántí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Làbákẹ́ sì gbà á gbọ́.

Ìyá Gbádé ń gbé lọ́dọ̀ wọn, inú sì ń run ún. Odidi oṣù kan ni Làbákẹ́ fi bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé Màmá lọ ṣàyẹ̀wò. Gbádé ní kí ọjà kọ́kọ́ tà ná.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó lọ kó ọjà l'Ábẹ́òkúta. Nọ́ńbà Làbákẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Ó rò pé owó àyẹ̀wò yẹn náà ni, ó bá pa fóònù.

Ìfun Màmá ló ti lọ́. Ilé ìwòsàn kan ládùúgbò ní àfi iṣẹ́ abẹ kíákíá, kí wọ́n mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún wá. Làbákẹ́ kó gbogbo ohun tó ní jọ, kò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ. Ó sọ fún Màmá pé òun ń lọ ta kẹ̀kẹ́ tó wà nílé. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ìyàwó mi, má ta kẹ̀kẹ́ ọmọ mi. Ó fẹ́ràn rẹ̀.”

Làbákẹ́ tà á ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin fún ọkùnrin kan tó ń ra ògbólógbòó ẹrù, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré lòun pàdánù. Owó kò pé. Ó ṣì ń tọrọ kiri lọ́wọ́ àwọn ará ilé nígbà tí Màmá dákẹ́, lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Lágogo mẹ́fà, Gbádé tan fóònù lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé. Làbákẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Àmọ́ ibi tí kẹ̀kẹ́ máa ń wà ni Gbádé kọ́kọ́ wò.

“Kẹ̀kẹ́ mi dà?”

“Mo tà á. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin.”

“Àádọ́rin kẹ̀? Kẹ̀kẹ́ mílíọ̀nù méjì?”

Làbákẹ́ gbójú sókè. “Bàbá Táyọ̀, ọgọ́rin lẹ pè é fún mi.” Kò pariwo. “Màmá ti kú. Ká ní mo mọ iye rẹ̀ ni, wọn ì bá má kú.”

Wọ́n sin Màmá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn èèyàn ń yin Gbádé pé ó sin ìyá rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ náà sì ń gún un lára. Ohun tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé kẹ̀kẹ́ lòun kọ́kọ́ bèèrè.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Theophilus, tó máa ń bá a tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe, pè é pé ẹni tó rà á ti gbé e wá sọ́dọ̀ òun, pé ó fẹ́ tà á. Gbádé lọ. Bó ṣe fọwọ́ kàn án, ó jókòó sílẹ̀, ó ròyìn ikú ìyá rẹ̀ fún Theophilus, àti pé kẹ̀kẹ́ lòun kọ́kọ́ bèèrè.

“Tí mo bá rà á padà, ṣé ìyá mi máa jí?”

“Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní tàn yín.” Theophilus jókòó tì í nílẹ̀, láàárín àwọn táyà. “Ṣùgbọ́n Jésù ti rà yín kúrò lábẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ná an, kò sì bu iye rẹ̀ kù fún ẹnikẹ́ni. Gbangba ló ti san án, lórí igi àgbélébùú.”

Gbádé sunkún níbẹ̀. Ó jẹ́wọ́ ìgbéraga rẹ̀, ìlara, irọ́, àti fóònù tó pa. Ó ké pe Jésù pé kó ṣàánú òun. Kò ra kẹ̀kẹ́ náà. Ilé ló gbà lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. Làbákẹ́ ò tíì lè bá a rẹ́rìn-ín títí di òní, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń gbàdúrà, iye tí Gbádé bá sì ra nǹkan lọ́jà ló ń sọ nílé.

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, o lè má ní kẹ̀kẹ́. Irọ́ wo lo fi ń mú kí ilé tòrò? Kí ni ìwọ máa kọ́kọ́ bèèrè lọ́jọ́ tí ìròyìn burúkú bá dé? Ẹni tó kú fún ọ ń pè ọ́, kò sì tíì sú u. O ní kí ọjà kọ́kọ́ tà ná. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Dá a lóhùn lónìí, níbi tó o wà yẹn, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kó o sì gba Jésù. Agogo mẹ́fà ni Gbádé tan fóònù rẹ̀. Agogo mẹ́rin ni ìyá rẹ̀ kú.